Má ta ilẹ̀ nítorí kámẹ́rà: èsì fún àbúrò tó fẹ́ máa ya dọkumẹ́ńtárì

Àbúrò mi ní Kétu ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, o ní o fẹ́ ta ilẹ̀ tí bàbá yín fi sílẹ̀, kí o fi ra kámẹ́rà, kí o máa ya dọkumẹ́ńtárì nípa ohun tójú ará ìlú ń rí. O tún béèrè bóyá èèyàn lè ti ibẹ̀ jẹun. Jọ̀wọ́, má ta ilẹ̀. Àwòrán tí fóònù tó dára ń yà ti tó fún ìbẹ̀rẹ̀, ohùn ló máa ń ba fíìmù jẹ́. Ra máíkì kékeré tí wọ́n ń fi há ẹ̀wù, torí ariwo zémìjàn, àwọn ọ̀kadà wa, kò ní jẹ́ ká gbọ́ ohun tí ìyá àgbà ń sọ.

Ní ti oúnjẹ, ìgbéyàwó, ìsìnkú àti fíìmù kéékèèké tí àwọn ONG, àwọn àjọ aládàáni tó ń ṣàánú, ń gbé fún wa ni mo fi ń gbọ́ bùkátà ilé mi. Kò sí ìtìjú ńbẹ̀. Ṣùgbọ́n fíìmù tó wà lọ́kàn rẹ gan-an, má fi sábẹ́ owó wọn. ONG kan gbé iṣẹ́ ọmọ àgbàtọ́, àwọn vidomègon, fún mi níbí ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo). Wọ́n ní kí n jẹ́ kí ojú ọmọbìnrin kan hàn kedere bó ṣe ń sunkún, pé ìyẹn ló máa mú kí àwọn tó ń dáwó tọwọ́ bàpò. Bẹ́ẹ̀ ọmọ náà ṣì ń sùn nílé ẹni tó ń lù ú. Lálẹ́ ọjọ́ tí wọ́n bá wo fíìmù ọ̀hún, ta ni yóò gbà á sílẹ̀? Mo kọ̀. Wọ́n gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi, wọn ò sì san ìyókù owó. Ó ṣì ń dùn mí, ṣùgbọ́n bó bá tún dé, màá tún kọ̀.

Ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ta kpayo, epo bẹntiróòlù tí wọ́n ń ṣe fàyàwọ́ rẹ̀ láti Nàìjíríà, ni mo ti kọ́ iṣẹ́ yìí. Ìgbà tí Nàìjíríà ti ẹnubodè ní oṣù Kẹjọ 2019 ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í lọ jókòó tì wọ́n. Oṣù Kejìlá 2020 ni wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí i. Ká ní mo parí fíìmù nígbà yẹn, ọ̀rọ̀ ẹnubodè nìkan ni ì bá jẹ́. Àmọ́ ní ìparí oṣù Karùn-ún 2023, Nàìjíríà yọ owó ìrànwọ́ orí epo, kpayo sì gbówó lórí lójijì. Nígbà tó di oṣù Kẹsàn-án, ibi tí wọ́n kó epo pamọ́ sí ní Sèmè-Kraké, lẹ́bàá ẹnubodè Nàìjíríà, gbiná, èèyàn tó lé ní 30 ló kú. Àwọn obìnrin tí mò ń yà tún gbé ìgò wọn sétí títì lẹ́yìn ìyẹn. Ìdí tí wọ́n fi padà síbẹ̀ ni fíìmù mi, ẹni tó wá fún ọ̀sẹ̀ kan kò lè gbọ́ ọ lẹ́nu wọn.

Òwò tí òfin lòdì sí ni. Ojú tí àwa ń wò nínú fíìmù, kọ́sítọ́ọ̀mù náà lè wò ó. Nítorí náà ọwọ́ ni mo máa ń yà, tàbí ẹ̀yìn, àti ohùn. Àwọn tó wà nínú fíìmù ló sì máa ń kọ́kọ́ wò ó kí àjèjì tó rí i. Ìyá kan ní kí n yọ gbólóhùn tó ti dárúkọ ibi tó ti ń ra epo. Gbólóhùn tó dùn jù nínú fíìmù ni, mo sì yọ ọ́.

Ọmọ Àjàṣẹ́ ni Paulin Soumanou Vieyra, ọ̀kan nínú àwọn aṣáájú oníṣẹ́ fíìmù Áfíríkà, tí wọ́n bí ní 1925. Ní 1955, Paris ni òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ya fíìmù wọn, torí òfin Faransé ti 1934 ní kò sẹ́ni tó lè ya fíìmù ní ilẹ̀ Áfíríkà tí wọ́n ń ṣàkóso láìgba àṣẹ. Tèmi tìrẹ lónìí, bí mẹ́rì àti olórí àdúgbò bá tiẹ̀ ti fọwọ́ sí ìwé, ó ku àṣẹ ìyá elépo. Òun ló ń pẹ́ jù.

Owó ìrànwọ́ ńláńlá fún fíìmù wà o: ti Francophonie, àjọ àwọn orílẹ̀-èdè tó ń sọ Faransé, àti ti IDFA Bertha, àpò owó fún dọkumẹ́ńtárì ní Amsterdam. Wọ́n máa ń gba dòsíyè, ìyẹn àkójọ ìwé ìbéèrè, ó sì máa ń pẹ́ gan-an kí èsì tó dé. Bí o bá fẹ́ ilé ẹ̀kọ́, ISMA, ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ fíìmù àti tẹlifíṣọ̀n, wà ní Kùtọnú, Saint-Louis ní Sẹ̀nẹ̀gà náà sì ń kọ́ni ní dọkumẹ́ńtárì ní yunifásítì. Ohun kan tún nìyí: ọmọ Kétu ni kó túmọ̀ ọ̀rọ̀ ará Kétu sí Faransé. Mo ti rí ibi tí elédè Yorùbá ti ibòmíràn ti yí ọ̀rọ̀ àgbàlagbà po.

Kọ ojú ìwé méjì fún mi. Má kọ ọ́ lórí ìṣòro ìlú, ẹni kan tí o fẹ́ yà ni kí o kọ ọ́ lé: ibi tó ń gbé, ohun tó ń tà, ẹni tó ń bẹ̀rù. Fi ránṣẹ́, màá kà á.