Bluetooth tó ń dáhùn ní 115200, tó ń dákẹ́ bí orin bá ti bẹ̀rẹ̀

Ìbéèrè náà ni pé ṣíìpù Bluetooth tí wọ́n fi wáyà UART so mọ́ prosẹ́sọ̀ ń gba àṣẹ dáadáa ní 115200, àmọ́ bí wọ́n bá gbé baud (ìyára dátà lórí wáyà) lọ sí 921600 tí orin sì bẹ̀rẹ̀, ó dákẹ́. TX (wáyà ìfiránṣẹ́), RX (wáyà ìgbàwọlé) àti GND (wáyà ilẹ̀) nìkan ni wọ́n so. RTS àti CTS, àwọn wáyà tí ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan fi ń sọ fún èkejì bóyá àyè wà láti gba dátà, ni kí ẹ kọ́kọ́ wò.

H4, ìlànà tí prosẹ́sọ̀ àti ṣíìpù fi ń bára wọn sọ̀rọ̀ lórí wáyà yìí, kò ní ohunkóhun tó ń ṣọ́ dátà. Báìtì kan ló ń ṣíwájú ìdì (packet) kọ̀ọ̀kan: 01 fún àṣẹ, 02 fún dátà, 03 fún ohùn SCO (ohùn ìpè), 04 fún èsì láti ọ̀dọ̀ ṣíìpù. Bí báìtì kan péré bá sọnù, ẹni tó ń gbà á yóò máa ka àárín ìdì bí ìbẹ̀rẹ̀, kò sì ní mọ ibi tí ìdì tó kàn ti bẹ̀rẹ̀. Àfi kí ẹ reset rẹ̀.

Nítorí náà, RTS prosẹ́sọ̀ lọ sí CTS ṣíìpù, CTS prosẹ́sọ̀ sí RTS ṣíìpù. Ẹ má fi CTS ṣíìpù kan GND! Ìyẹn ń sọ fún un pé àyè wà nígbà gbogbo, á sì máa da dátà lé prosẹ́sọ̀ lórí bí ibi ìgbàsí rẹ̀ bá tiẹ̀ ti kún. Ẹ fi mítà wò ó bóyá 1.8V ni ṣíìpù ń lò nígbà tí prosẹ́sọ̀ ń lo 3.3V, bí wọn ò bá dọ́gba, ẹ fi level shifter (ohun tó ń yí fólítéèjì kan sí òmíràn) sáàárín.

Lẹ́yìn náà, ẹ fi 01 03 0C 00 (àṣẹ reset) ránṣẹ́. Èsì tó yẹ ni 04 0E 04 01 03 0C 00. 00 tó gbẹ̀yìn ló ń sọ pé ó ṣe é.

Ẹ ò lè torí ìbẹ̀rù dúró sí 115200. Bíìtì 10 ni báìtì kọ̀ọ̀kan ń gbà lórí wáyà, báìtì 11,520 ló máa kọjá ní ìṣẹ́jú àáyá kan, orin SBC (ọ̀nà tí Bluetooth fi ń fún orin pọ̀) tó dára sì ń fẹ́ tó 41,000.

Níbi ìyípadà baud, ọ̀pọ̀ ṣíìpù máa ń fi baud àtijọ́ dáhùn àṣẹ náà. Ẹ dúró gba èsì yẹn tán kí ẹ tó yí ti prosẹ́sọ̀. Àwọn kan tún máa ń padà sí 115200 lẹ́yìn tí firmware (sọ́fítíwià inú ṣíìpù) bá wọlé tán, ẹ ó sì tún yí i lẹ́ẹ̀kejì.

Bí kò bá sí pin fún RTS àti CTS rárá, tí ṣíìpù sì mọ H5 (ìlànà mìíràn tó lè rọ́pò H4), ẹ lò ó: ó ń fi C0 pààlà ìdì, ó sì ń tún èyí tí kò dé fi ránṣẹ́. Lórí Linux, àṣẹ rẹ̀ ni `btattach -P 3wire`.