Kí ni wọ́n ń lò kí ẹsẹ̀ ọkọ̀ ojú irin má baà yọ̀?

Iyanrìn ni. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bí igi bá ń wọ́wé lóṣù October sí December, ẹsẹ̀ ọkọ̀ a lọ ewé mọ́ ojú irin. Bí òjò bá rin ín, a máa yọ̀ bí ọbẹ̀ ilá. Ibi tí ẹsẹ̀ ọkọ̀ kan ti kan irin ò sì ju owó ẹyọ kékeré lọ!

Àpótí iyanrìn wà lára ọkọ̀. Afẹ́fẹ́ ló ń fẹ́ ẹ síwájú ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ gbẹ dáadáa, torí iyanrìn tútù á dì mọ́ inú ọ̀pá. Network Rail, iléeṣẹ́ tó ń bójú tó ojú irin níbẹ̀, tún ní ọkọ̀ tó ń fi omi alágbára bó ìdọ̀tí náà kúrò, tó sì ń da nǹkan kíki bí ògì, tí iyanrìn wà nínú ẹ̀, sójú irin.