Kí wọ́n tó pè ẹ́ ní ọ̀lẹ, kí wọ́n wo láptọ́ọ̀pù rẹ ná

Àbúrò, mo ka ohun tó o kọ. O ní ọ́fíìsì kan ní Yábà lo ti ń fi èdè Kotlin kọ app Android, pé RAM láptọ́ọ̀pù rẹ ò ju 8GB lọ, pé tó o bá ti tẹ Run kó lè build, ìyẹn kí ẹ̀rọ sọ kóòdù rẹ di app, o lè lọ ra ọ̀fadà nísàlẹ̀, kó o jẹ ẹ́ tán, kó o padà wá bá a níbi tó ti ń yí. Ọ̀gá rẹ wá ń bínú pé o máa ń ṣe àdàkọ kóòdù kiri dípò kó o tún èyí tó wà nílẹ̀ ṣe. O béèrè bóyá kó o fi RAM kún un ni, àbí kó o kúkú sá lọ sí Flutter, irinṣẹ́ mìíràn tí wọ́n fi ń kọ app.

Fi RAM kún un. Ṣùgbọ́n wò ó ná bóyá disk onírin tó ń yí ló wà nínú rẹ̀. Tó bá jẹ́ òun ni, SSD, disk tí kì í yí tó sì yára, ni kó o kọ́kọ́ rà. Àwọn tó kù, cache, parallel, Xmx (ètò tí wọ́n fi ń mú build yára), kó o máa fi fóònù gidi dán app wò dípò emulator (fóònù àfarawé inú láptọ́ọ̀pù), o mọ ìyẹn, mi ò ní dúró lórí ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ àdàkọ yẹn ló jẹ́ kí n jókòó ti èsì yìí. Ohun tó bá ń dun ni níí pọ̀ lọ́rọ̀ ẹni.

Ilé iṣẹ́ kan wà ní apá Sábó tí mo bá ṣiṣẹ́ rí, mi ò ní dárúkọ wọn. App owó ni wọ́n ń ṣe: ẹ fi owó ránṣẹ́, ẹ ra dátà, ẹ san owó iná. Gbogbo ohun tí àwọn ojú ewé inú app náà jọ ń lò ni wọ́n kó sínú module kan (apá kan lára kóòdù app) tí wọ́n pè ní core, gbogbo module yòókù sì rọ̀ mọ́ ọn. Gradle, irinṣẹ́ tó ń bá wa build, kì í ṣe òmùgọ̀ o. Tó o bá fọwọ́ kan module kan, òun àti àwọn tó gbára lé e nìkan ló máa tún kọ́ǹpáìlì, ìyẹn ni kó sọ kóòdù wọn di èdè tí ẹ̀rọ gbọ́. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé kò sí èyí tí kò gbára lé core. Tó o bá yí ohun tó hàn síta nínú rẹ̀ padà, ì báà ṣe orúkọ function kan (kóòdù kékeré tó ń ṣe iṣẹ́ kan) tàbí ohun tí function náà ń gbà, gbogbo ilé ló máa jí. Àwọn tó kọ ọ́ ṣáájú wa tún lo `api` níbi tó yẹ kí wọ́n lo `implementation`, ìyẹn ni pé ohun tí module kan ń lò ń ran gbogbo àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Kapt náà tún wà ńbẹ̀, tó jẹ́ pé ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi èdè Java ya àwòrán Kotlin rẹ kí annotation processor (irinṣẹ́ tó ń bá wa kọ kóòdù fúnra rẹ̀) tó lè rí i kà, kí iṣẹ́ gan-an tó bẹ̀rẹ̀.

Láptọ́ọ̀pù tí wọ́n fún wa ńkọ́? Tòkunbọ̀ ni, 8GB, disk onírin, bátìrì tó ti kú kó tó wọ Nàìjíríà. O ò lè ṣí Chrome mọ́ Android Studio tí a fi ń kọ kóòdù kí ọ̀kan má dákú. Tí wọ́n bá mú iná lójijì, kí ẹni tó ń tan jẹnẹrétọ̀ tó sọ̀ kalẹ̀, ẹ̀rọ ti kú, build ti kú. Tó o bá tún tàn án, Android Studio á ní òun ń ṣe index, ìyẹn ni pé òun ń tún kóòdù kà. Ọ̀sán ti lọ nìyẹn. Mo ti rí àgbàlagbà ọkùnrin tó sunkún nídìí ẹ̀.

Báyìí, function kan wà nínú core tó ń ṣírò owó tí a máa ń yọ lórí owó tí èèyàn bá fi ránṣẹ́. Mo fẹ́ kó gba nǹkan kan sí i. Inú core ló yẹ kí n ti tún un ṣe. Ṣùgbọ́n tí mo bá fọwọ́ kàn án níbẹ̀, tí mo sì ṣi ìlà kan kọ, ilẹ̀ ti ṣú nìyẹn. Torí náà mo kọ tèmi sínú module tèmi. Ẹni tó ń ṣe owó iná kọ tiẹ̀. Ẹni tó ń ṣe dátà kọ tiẹ̀. Kò sí ìpàdé kankan tí a ti fẹnu kò sí i, ara wa ló ti mọ ibi tó ń ta wá. Orúkọ tí kò dáa wà níbẹ̀ bó ṣe wà, getCharge, getCharge2, getChargeNew, torí pé tó o bá yí orúkọ padà, fáìlì tó máa kàn ti pọ̀ jù. Test, kóòdù tó ń yẹ iṣẹ́ wa wò, wà nílẹ̀, kò sẹ́ni tó ń run ún kó tó push, ìyẹn kó tó fi kóòdù rẹ̀ ránṣẹ́ síbi tí gbogbo wa ń kó o sí.

Èyí tó wá burú jù, build wa di dánfó Ojúẹlẹ́gba, kò ní gbéra àfi tó bá kún. Wàá kó àtúnṣe rẹpẹtẹ jọ kó o tó tẹ Run ẹyọ kan. Tí app bá wá kú, ó dà bí ìgbà tí wọ́n yọ èèyàn lápò nínú ọkọ̀ tó kún: èrò wo lo fẹ́ mú?

Ẹnìkan tiẹ̀ gbọ́n ju gbogbo wa lọ. Ó kó ọ̀rọ̀ ojú ewé, àwọ̀ bọ́tìnnì, àní bí àwọn ojú ewé ṣe ń tẹ̀ léra, sínú JSON (fáìlì ọ̀rọ̀ lásán) lórí server, kí app máa kà á látibẹ̀, kó má baà sí ìdí fún build mọ́. Àlejò á wá, wọ́n á ní architecture yìí, bí ẹ ṣe to app yín, mà dáa o. Architecture wo? Sísá ni a ń sá fún build. Púpọ̀ nínú ohun tí wọ́n ń pè ní ìpinnu ọlọ́gbọ́n nínú iṣẹ́ wa yìí, tó o bá họ ọ́ díẹ̀, ẹni tó ti rẹ̀ ló wà lábẹ́ ẹ̀.

Nígbà tí wọ́n yí iye owó tí à ń yọ padà, ojú ewé kan ń sọ tuntun, òmíràn ń sọ ti àtijọ́. Oníbàárà bú wa títí. Kí ni àwọn ọ̀gá ṣe? Wọ́n lọ mú amòye kan wá láti Island, tó fi slide kọ́ wa pé ẹ má ṣe àdàkọ, pé ẹ máa run test lẹ́yìn àtúnṣe kékeré kọ̀ọ̀kan. Mo ní kí amòye náà jọ̀ọ́, kí wọ́n bá mi ṣe àtúnṣe kékeré kan lórí ẹ̀rọ tèmi. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ọ̀rọ̀ mindset ni, ìyẹn bí a ṣe ń ronú. Mindset! Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ lè búra pé owó tí wọ́n san fún amòye yẹn á ra SSD fún gbogbo wa, a ó sì tún gba ṣẹ́ńjì.

Kí ẹnikẹ́ni má sì wá sọ pé ìyà Nàìjíríà ló ń ṣe wá. Ní 2007, nínú Google, Robert Griesemer, Rob Pike àti Ken Thompson ń fara da kóòdù ńlá kan tí wọ́n fi èdè C++ kọ, bó ṣe ń kọ́ǹpáìlì. Pike fúnra rẹ̀ sọ pé nǹkan bí ìṣẹ́jú 45 ni build yẹn ń gbà. Ibi tí wọ́n ti ń dúró dè é ni èrò èdè Go ti bẹ̀rẹ̀, wọ́n sì gbé e jáde ní 2009. Wò ó dáadáa, wàá rí ojú àpá náà lára èdè ọ̀hún: tó o bá import (pe kóòdù mìíràn wọlé) ohun tí o ò lò nínú Go, kò ní kọ́ǹpáìlì fún ẹ rárá. Ní oṣù Kẹta ọdún 2025, Microsoft kéde pé àwọn ń gbé compiler èdè TypeScript (ohun tó ń kọ́ǹpáìlì rẹ̀) lọ sí Go. Wọ́n ní kóòdù VS Code, app tí wọ́n fi ń kọ kóòdù, tó tó mílíọ̀nù kan ààbọ̀ ìlà, tó ń gba bí ìṣẹ́jú-àáyá 77 tẹ́lẹ̀, ti di 7.5. Ìṣẹ́jú-àáyá 77 ni wọ́n ń pè ní ìyà! Kò sẹ́ni tó rán amòye mindset sí wọn.

Tó o bá ń lọ ra RAM ní Computer Village, Ìkẹjà, àwọn ẹ̀rọ kan wà tí wọ́n ti jó RAM wọn mọ́ board, kò ṣeé fi kún. Wádìí model tìrẹ kó o tó wọ mọ́tò. Má gbà kí ẹnikẹ́ni gbé láptọ́ọ̀pù rẹ lọ sí "ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá mi", jókòó tì í. Kí wọ́n tàn án lójú ẹ, kó o rí iye rẹ̀ nínú Task Manager kó o tó sanwó. Tó bá jẹ́ Windows lo ń lò, sọ fún antivirus kó yé tú folda project rẹ àti folda .gradle wò, àwọn yẹn nìkan o. Build ń kọ fáìlì wẹ́wẹ́ tó pọ̀, gbogbo ẹ̀ ló ń dá dúró láti yẹ̀ wò.

Àti àmì + tí ẹ máa ń kọ síbi version library (kóòdù àwọn ẹlòmíràn tí à ń lò), ẹ yé kọ ọ́. Gradle á máa lọ béèrè lórí íntánẹ́ẹ̀tì bóyá tuntun ti dé. Lọ́jọ́ 14 oṣù Kẹta ọdún 2024, tí okùn íntánẹ́ẹ̀tì abẹ́ òkun bàjẹ́ lápá Abidjan, WACS, MainOne, ACE àti SAT-3, ẹni tí library rẹ̀ ti wà nílẹ̀ tó sì mọ --offline, àṣẹ tó ń sọ fún Gradle kó má lọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, ń bá iṣẹ́ lọ. Àwọn yòókù ń ka àjà.

Flutter tó o béèrè, hot reload ẹ̀, tó ń fi àtúnṣe hàn lójú ẹsẹ̀, dùn, irọ́ kọ́. Ṣùgbọ́n Gradle náà ló ń bá a build fún Android, disk tó ń falẹ̀ á bá ẹ débẹ̀. Má tìtorí ìyẹn kẹ̀yìn sí Kotlin tó o ti mọ̀.

Ní ti ọ̀gá rẹ, má bá wọn jiyàn lórí àdàkọ. Fi --profile kún build rẹ, ìwé àkókò tí build ń gbà á wà nínú build/reports/profile. Tẹ̀ ẹ́ jáde, fi iye wákàtí náà ṣírò owó oṣù gbogbo yín, kó o gbé e fún wọn. Ọ̀gá tí kò gbọ́ Kotlin gbọ́ owó. Ọ̀dọ̀ akáúńtáǹtì ni tiwa gbà yọrí. Nígbà tí SSD dé, tí a sì gé core sí wẹ́wẹ́, àwa kan náà tí wọ́n ní a ò ní ìlànà la bẹ̀rẹ̀ sí í pa àwọn getCharge yẹn rẹ́, láìsí ìwàásù. Ìwọ bẹ̀rẹ̀ láti ibi kapt, gbé e lọ sí KSP, arọ́pò rẹ̀; library Room àti Hilt ti gbà á.

Tó o bá fẹ́ kí n bá ẹ wo build.gradle rẹ, fáìlì ètò build náà, gbé e síbí. Yọ API key (kọ́kọ́rọ́ ìkọ̀kọ̀) inú ẹ̀ kúrò ná o, jọ̀ọ́, ẹnìkan gbé tiẹ̀ síbí rí, ojú ẹ̀ rí nǹkan.