Dùùrù Inú Kọ̀ǹpútà Tó Ń Gbọ́ Tọwọ́

ÌBÉÈRÈ: Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi ni mò ń tẹ dùùrù fún ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì wa l'Òṣogbo. Mo so kíbọ́ọ̀dù mi mọ́ kọ̀ǹpútà Windows tó ní RAM 4GB. Ohùn dùùrù tó wà lórí rẹ̀ dára, ṣùgbọ́n ó máa ń pẹ́ kó tó dún, bí mo bá sì rọra tẹ̀ ẹ́, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má dún rárá. Sọ́fúwíà wo ni kí n rà? – Atẹdùùrù, Òkè-Fìà

ÌDÁHÙN: Ẹ má ì tíì ná kọ́bọ̀. Ó jọ pé bí wọ́n ṣe to nǹkan ló fà á.

Buffer ni ibi tí kọ̀ǹpútà ń kó ohùn jọ sí díẹ̀ kó tó gbé e jáde. Bó bá wà ní 1024, tí sample rate (iye ìgbà tí kọ̀ǹpútà ń wọn ohùn ní ìṣẹ́jú àáyá kan) sì jẹ́ 44,100, nǹkan bíi mílísẹ́kọ́ǹdì 23 ni ohùn fi ń dúró síbẹ̀. Ní 128, bíi 3 ni. Ẹ fi ASIO4ALL, ìyẹn driver tó ń jẹ́ kí ohùn yára jáde, sórí Windows yín, ọ̀fẹ́ ni, kẹ́ ẹ wá gbé buffer sí 128. Bó bá ń ta pàràpàrà, ẹ gbé e sí 256. Ẹ jọ̀ọ́, wáyà ni kẹ́ ẹ fi so sípíkà. Kò sí buffer tó lè gbà yín lọ́wọ́ ìpẹ́ Bluetooth.

Ti títẹ̀ jẹ́jẹ́ ló gba sùúrù jù. Nọ́ńbà ni kíbọ́ọ̀dù ń fi ránṣẹ́, láti 1 dé 127, bí ẹ bá ṣe tẹ̀ ẹ́ yá sí. Ẹ wá velocity curve, ìyẹn ìlà tó ń sọ bí ohùn ṣe máa le tó fún nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan, nínú sọ́fúwíà, kẹ́ ẹ máa tẹ bọ́tìnì àárín kan jẹ́jẹ́, kẹ́ ẹ máa gbé apá òsì ìlà náà sókè díẹ̀díẹ̀ títí ohùn kẹ́lẹ́ yóò fi jáde láìfipá. Àmọ́ bí nọ́ńbà kan náà bá ń jáde bó ti wù kẹ́ ẹ tẹ̀ ẹ́, kíbọ́ọ̀dù yẹn ò mọ líle yàtọ̀ sí jẹ́jẹ́. Sọ́fúwíà kankan ò lè kọ́ ọ.

Ìgbà yẹn lẹ tó lè yàn. Keyscape, sọ́fúwíà dùùrù tó gba nǹkan bíi 77GB, kì í ṣe ẹgbẹ́ kọ̀ǹpútà yín. Salamander Grand Piano jẹ́ ọ̀fẹ́: dùùrù Yamaha C5 gidi ni wọ́n gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ ní ìpele líle 16. Ṣùgbọ́n Pianoteq la máa yàn fún yín. Ìṣirò ló fi ń ṣẹ̀dá ohùn, kò sì tó 100MB. Èyí tí wọ́n fi ń dánwò kò gbowó, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn bọ́tìnì kan kì í dún, tó sì ń dákẹ́ lẹ́yìn 20 ìṣẹ́jú.

Ìṣirò yẹn ń jẹ agbára kọ̀ǹpútà o. Bí iná bá lọ láàárín ìsìn, Windows lè dín agbára kù torí bátìrì, kí ohùn wá bẹ̀rẹ̀ sí í ta. Ẹ yọ wáyà iná nígbà ìgbáradì, kẹ́ ẹ tẹ orin kan tán. Bó bá ta, ẹ yí power plan sí High performance.