Ìtumọ̀ òwe «Àgbàrá òjò ò lóun ò nílé wó», àti bí a ṣe lè fi í ṣàlàyé òkè tó ya

Olùkọ́ kan ní ilé ẹ̀kọ́ girama béèrè ìtumọ̀ òwe tó sọ pé, «Àgbàrá òjò ò lóun ò nílé wó, onílé ni ò ní gbà fún un». Ó fẹ́ mọ̀ bóyá ó yẹ kí òun fi í ṣàlàyé bí òkè ṣe máa ń ya lu ilé.

«Lóun» ni ó gbé ìtumọ̀ òwe náà dání. «Ní òun» ni, «ní» yìí kì í sì í ṣe ti níní, «wí pé» ni ó túmọ̀ sí. Àgbàrá kò ṣèlérí fún ẹnikẹ́ni. Ibi tí ilẹ̀ bá dà sí ni yóò gbà. Nítorí náà, onílé ni ó gbọ́dọ̀ la ojú àgbàrá kí òjò tó dé, kí ó sì tún ẹsẹ̀ ògiri tí omi ti ń jẹ ṣe.

Òwe náà yẹ fún ẹ̀kọ́ yìí, ṣùgbọ́n ó lè ṣi ọmọ lọ́nà níbì kan. Orí ilẹ̀ ni àgbàrá ń ṣàn sí, díẹ̀díẹ̀ ni ó sì ń wọ́ erùpẹ̀ lọ. Ní ti òkè tó ya, ìwúwo ara rẹ̀ ni ó fà á wálẹ̀, bí ẹ̀ka ṣe ń ya lára igi. Omi tó rin inú ilẹ̀ a máa dá kún ìwúwo náà, a sì máa dín agbára tí erùpẹ̀ fi di ara rẹ̀ mú kù, pàápàá níbi tí wọ́n ti gé igi tí gbòǹgbò rẹ̀ so ilẹ̀ pọ̀, tàbí tí wọ́n ti gbẹ́ ẹsẹ̀ òkè láti kọ́lé.

Ilẹ̀ Sàró (Sierra Leone), níbi tí baba ńlá àwọn kan nínú wa ti padà wá sílé, ni mo fi ń ṣe àpẹẹrẹ. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ 14 oṣù Kẹjọ ọdún 2017, lẹ́yìn òjò ọjọ́ mẹ́ta, apá kan òkè Sugar Loaf ya lulẹ̀ ní Regent, lẹ́bàá Freetown; àwọn tó kú àti àwọn tí a kò rí mọ́ lé ní 1,000. Wọ́n ti gé igbó orí àwọn òkè ibẹ̀, ilé sì ti gun ẹ̀gbẹ́ wọn. Mo bẹ olùkọ́ kí ó má ṣe jẹ́ kí ọmọ kankan rò pé àwọn tó kú ni «onílé» tí òwe ń bá wí, nítorí ọ̀pọ̀ wọn kò rí ilẹ̀ mìíràn tí owó wọn ká. Bí ó bá di ọ̀rọ̀ òkè, ìjọba àti ẹni tó ń pín ilẹ̀ ni onílé.

Ní kíláàsì, kí àwọn ọmọ kó iyanrìn gbígbẹ jọ sórí àtẹ. Wọn yóò rí i pé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kì í dúró ṣánṣán. Bí wọ́n bá wọ́n omi díẹ̀ sí i, yóò dúró bí ilé tí ọmọdé ń fi iyanrìn kọ́. Kí wọ́n wá máa bu omi sí i títí yóò fi mu àmuyó, tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ yóò fi ya lulẹ̀ lójú wọn. Ìgbà náà ni kí olùkọ́ tó pa òwe náà fún wọn.