Ìbejì mi, inú kan náà, ìwà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀

Ìbéèrè: Nọ́ọ̀sì, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìbejì mi, obìnrin kan, ọkùnrin kan, ti pé oṣù 9. Ẹni tó bá ti nawọ́ sí Kẹ́hìndé ló ń bá lọ. Ti Táyé yàtọ̀: bí àlejò bá ti yọjú, igbe ni. Ìyá ọkọ mi ní èmi ni mo ba ọmọ jẹ́, pé mo ń pọ̀n ọ́n jù. Ṣé lóòótọ́ ni? — Ìyá Ìbejì, Ìgbógbó, Ìkòròdú

Ìdáhùn: Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìtọ́jú. Rárá o, pípọ̀n kọ́. Ẹ rọra bi màmá bí baba àwọn ọmọ yìí ṣe rí nígbà tó wà lọ́mọ ọwọ́. Ẹ̀rín ni mo sábà ń gbọ́ nídìí ìbéèrè yẹn.

Ìbejì tó bá jẹ́ akọ kan, abo kan, ẹyin méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ti wá. Wọ́n jọ gbé inú kan ni, ṣùgbọ́n ohun ìran tí wọ́n jọ jogún kò ju ti tẹ̀gbọ́n tàbúrò lọ, bí ìdajì. Àwọn tí ẹyin kan ṣoṣo pín sí méjì ló jọ jogún gbogbo rẹ̀. Àwọn onímọ̀ fi oríṣi ìbejì méjèèjì wéra, wọ́n rí i pé ìwà àwọn ti ẹyin kan máa ń jọra ju ti àwọn yòókù lọ, títí kan ojú tí wọ́n fi ń wo àlejò. Ìyẹn la fi mọ̀ pé ìran lọ́wọ́ sí i, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ilé náà ní tirẹ̀.

Kì í wá ṣe bíi jẹnótáìpù tí ẹ yẹ̀ wò kẹ́ ẹ tó ṣègbéyàwó. Ẹyọ ohun ìran kan ṣoṣo, tí wọ́n ń pè ní jíìnì, ló ń pinnu AS tàbí SS. Ti ìwà dà bí owó tí ẹbí dá fún ìnáwó: oníkálukú mú díẹ̀ wá, kò sẹ́ni tó lè ní tòun ló ra màlúù. Ẹni tó bá ní òun fẹ́ fi ẹ̀jẹ̀ Táyé yẹ ìwà rẹ̀ wò, ẹ má fún un lówó.

Ní 1956 ni Alexander Thomas àti Stella Chess, àwọn dókítà ọpọlọ, bẹ̀rẹ̀ sí í tọ àwọn ọmọ ọwọ́ kan lẹ́yìn ní New York láti wo ìwà wọn. Bí 15 nínú 100 wọn ni nǹkan tuntun kì í tètè mọ́ lára. Táyé yín jọ wọ́n. (Wọ́n ní Kẹ́hìndé ló rán Táyé wá tọ́ ayé wò, tiyín, ó jọ pé Táyé ò fẹ́ iṣẹ́ náà!) Ìbẹ̀rù àlejò sì wọ́pọ̀ lọ́mọ oṣù 9.

Bí àlejò bá dé, ẹ gbé Táyé sórí itan yín ná. Ẹ ní kí àlejò má tejú mọ́ ọn, kó kàn máa fi ìdérí ìkòkò ṣeré nítòsí. Ọmọ á nawọ́ fúnra rẹ̀. Ẹ má fi tipá gbé e fún ẹnikẹ́ni.

Ohun tí mi ò ní dì ru ìran ni bí ọmọ oṣù 9 ò bá lè dá jókòó, tàbí tí wọ́n pe orúkọ rẹ̀ tí kò yíjú. Irú ẹ̀ ni kẹ́ ẹ tètè gbé wá.

Abẹ́rẹ́ èéyi ti tó gbà báyìí. Níjọ́ tẹ́ ẹ bá ń bọ̀, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ gún ti Táyé, kó má baà jókòó ti igbe Kẹ́hìndé.