Kí ni M. S. tó wà níwájú orúkọ Subbulakshmi?

Àbúrò tó béèrè ìtumọ̀ M. S. iwájú orúkọ Subbulakshmi, àgbà olórin Carnatic, orin àtayébáyé gúúsù ilẹ̀ Íńdíà, ìbéèrè gidi lo bi. Ìdáhùn tí wọ́n fún ọ, pé "Míìsì" ni, ló bí mi nínú. "Míìsì" kọ́ o! Láti 1940 ló ti wà nílé ọkọ, M. S. náà ni wọ́n sì ń pè é títí ó fi kú ní 2004.

M ni Madurai, ìlú tí wọ́n bí i sí ní 1916. S ni Shanmukhavadivu, ìyá tó bí i lọ́mọ.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an ni ìyá yẹn. Láàárín àwọn Tamil, ẹ̀yà gúúsù Íńdíà, orúkọ ìlú àti orúkọ bàbá ni wọ́n sábà máa ń gé kúrú síwájú orúkọ ẹni. Ẹ wo D. K. Pattammal, olórin Carnatic bíi tirẹ̀: Damal ni ìlú, Krishnaswamy ni bàbá. Ìlú tilẹ̀ lè borí orúkọ àbísọ pátápátá: ẹni tó bá ní "Semmangudi kọrin", gbogbo ayé orin Carnatic mọ̀ pé olórin Srinivasa Iyer, ará Semmangudi, ló ń wí.

Kí ló wá dé tó fi jẹ́ orúkọ ìyá ni Subbulakshmi ń jẹ́ kiri? Àwọn kan á sọ pé torí pé bàbá kò sí nítòsí ni. Mi ò gbà. Ẹ wo olórin M. L. Vasanthakumari: M ni Madras, ìlú tí à ń pè ní Chennai báyìí, L ni Lalithangi, ìyá rẹ̀. Bẹ́ẹ̀, bàbá rẹ̀ kò sọnù, olórin ni bàbá náà fúnra rẹ̀! Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ, àwọn ènìyàn sì máa ń gbàgbé láti béèrè pé ilé wo. Ìdílé devadasi, àwọn obìnrin tí wọ́n fà fún òrìṣà tẹ́ḿpìlì, ni Subbulakshmi ti wá. Níbẹ̀, ọwọ́ ìyá lọmọbìnrin ti ń jogún iṣẹ́. Veena olókùn ni Shanmukhavadivu ń ta, violin ni ìyá tirẹ̀, Akkammal, ń ta. Bí ọmọ onílù ṣe ń jẹ́ Àyàn lọ́dọ̀ wa ni ọ̀rọ̀ S yẹn rí lójú tèmi: ó ń sọ ilé tí ohùn náà ti wá.

Ọwọ́ ìyá onílé mi ní Chennai ni mo ti kọ́ èyí, nígbà tí mò ń kàwé níbẹ̀. Bí oṣù Kejìlá bá dé, tí ìlú kún fún orin, màmá yẹn á mú mi dání lọ síbi eré. Tí ọmọdé bá la ẹnu kọrin, kò ní béèrè orúkọ rẹ̀. "Ọmọ ta ni? Ta ló kọ́ ọ?" ni yóò kọ́kọ́ bi mí, bí ẹni pé mo mọ̀ ọ́n. Lọ́jọ́ tí mo bi í nípa S, ó nu ọwọ́ rẹ̀ nù, ó pe Shanmukhavadivu délẹ̀, díẹ̀díẹ̀, ó sì ní kí n pè é tẹ̀ lé òun. A pè é tó ẹ̀ẹ̀mẹrin kó tó tẹ́ ẹ lọ́rùn.

Ipò ńlá tí Subbulakshmi dé, ẹ ti mọ̀ ọ́n: ó kọrin ní Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ní 1966, òun ni olórin àkọ́kọ́ tó gba Bharat Ratna, oyè tó ga jù lọ ní Íńdíà, ní 1998. Ohun tó ń dùn mí ni pé òfin ti fi òpin sí fífa ọmọbìnrin fún tẹ́ḿpìlì ní Madras ní 1947, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀, àmọ́ ìtìjú bá àwọn ìdílé náà débi pé ọ̀pọ̀ ọmọ wọn kò fẹ́ dárúkọ ìyá ńlá wọn mọ́. Àwa náà ńkọ́? Bi ọmọ ilé rẹ léèrè ohun tí A iwájú orúkọ bàbá rẹ̀ dúró fún, kó o gbọ́ "Mi ò mọ̀."

Nítorí náà, àbúrò, tó o bá ń kọ orúkọ obìnrin yẹn, kọ M. S. mọ́ ọn. Tí wọ́n bá sì bi ọ́, pe Shanmukhavadivu fún wọn délẹ̀.